Ẹ Tú U, Ẹ Má Bò Ó Mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Òbbò-Ayégúnlẹ̀ tí ẹ ń jó pánẹ́ẹ̀lì, àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ yín tí ẹ wà ní Òsì, ní Odò-Ọwà, ní Ìlọ́fà àti ní Àràròmí-Òpin, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ mi. Mi ò bá yín wí nítorí pé ẹ ń fi ọwọ́ ara yín to rédíò àti iná sólà. Inú mi dùn sí i. Ọmọ tó fi òru to résísítọ̀ àti kàpásítọ̀ sórí pánẹ́ẹ̀lì, tó fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí àpótí kékeré máa sọ̀rọ̀, sàn lójú mi ju ọmọ tó fi òru ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni ìwà tí ẹ ń hù nígbà tí iṣẹ́ bá bà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ kì í tú u. Ẹ máa ń bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Ojú mi ti rí i, ó sì ti sú mi. Ẹsẹ̀ tráńsítọ̀ kò mú, ẹ da lẹ́ẹ̀dì lé e. Kò tún mú, ẹ da òmíràn lé e, títí ibẹ̀ fi wú kùdùkùdù. Lẹ́ẹ̀dì ṣàn láti ojú kan bọ́ sí èkejì, ẹ fi abẹ ha á láàárín títí ara pánẹ́ẹ̀lì fi bó. Ojú bàbà ká kúrò nílẹ̀, ẹ fi súpà gílúù lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ ki bátìrì bọ̀ ọ́, ẹ ń wò ó lójú. Bí kò bá sọ̀rọ̀, ẹ ní Ṣáínà ni, ẹ jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ tún lọ tọrọ owó òmíràn lọ́wọ́ ìyá yín tó ń ta gààrí. Ṣé ará Ṣáínà ló di áyọ̀ọ̀nù mú?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti pánẹ́ẹ̀lì kan tí ọmọ aládùúgbò mi gbé wá bá mi. Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ọmọ náà wà, ó wálé ìsinmi. Rédíò FM kékeré ni, irú èyí tí wọ́n ń tà ní túútúú nínú ọ̀rá kí ẹni tó rà á lè tò ó fúnra rẹ̀. Mo gbé awò lé ojú, mo yí ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì sókè sí ìmọ́lẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀ tó ti rédíò mẹ́ta. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ rí ṣákiṣàki, àwọ̀ eérú ló ní, kò dán rárá. Mo fi igi ìtayín ti ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ kan, ẹsẹ̀ náà ń yí nínú òkìtì lẹ́ẹ̀dì. Ó wà nínú lẹ́ẹ̀dì, lẹ́ẹ̀dì kò dì í mú. Kàpásítọ̀ yẹn kan náà, òdì ni wọ́n fi í sí: ìlà tó wà lára rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ tí í ṣe ti àmì ìyọkúrò hàn, ibi tí wọ́n tẹ àmì ìròpọ̀ sí ló wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ áísì, ẹsẹ̀ méjì ti so pọ̀ lábẹ́ péésìtì tó jó dúdú. Ẹni tí kò bá nù ún kò lè rí i. Ojú bàbà kan ti ká, gílúù ló dì í mọ́ ibẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tí lẹ́ẹ̀dì fi pọ̀ tó báyìí. Ó ní, “Bàbá, mo rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe mú tó.” Ọmọ rere ni, ó lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, òun náà kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ó ti fi odidi òru kan da lẹ́ẹ̀dì sórí àṣìṣe tí ìṣẹ́jú márùn-ún ìbá tún ṣe.

Nítorí náà, bí ẹ ò bá tíì gbọ́ ọ rí, ẹ gbọ́ ọ lónìí: a kì í fi pípọ̀ mú lẹ́ẹ̀dì. Bí bàbà bá mọ́, tí ó sì gbóná tó, lẹ́ẹ̀dì yóò bá a wọra, yóò tẹ́ pẹlẹbẹ sójú rẹ̀, yóò sì gun ẹsẹ̀ náà díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Bí bàbà bá dọ̀tí tàbí tí ó tutù, kódà bí ẹ da lẹ́ẹ̀dì odidi káàdì kan lé e, orí rẹ̀ ni yóò jókòó sí. Afẹ́fẹ́ nìkan ti tó láti mú kí ojú bàbà ní ìpatà tín-ín-rín tí ojú lásán kò rí. Iṣẹ́ péésìtì ni láti jẹ ìpatà yẹn kúrò. Nínú okùn lẹ́ẹ̀dì tí ẹ ń rà, ihò wà láàárín rẹ̀, péésìtì ni wọ́n kì síbẹ̀, èyí tí wọ́n fi oje igi páìnì ṣe. Òun ló ń rú èéfín nígbà tí ẹ bá ń jó o. Ẹ̀yin wá ń fi lẹ́ẹ̀dì sí ẹnu áyọ̀ọ̀nù, ẹ ń gbé e rìn bọ̀ sórí pánẹ́ẹ̀lì. Kó tó débẹ̀, péésìtì ti jó tán. Lẹ́ẹ̀dì tó gúnlẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi nu ojú bàbà mọ́. Ẹ fi áyọ̀ọ̀nù kan ẹsẹ̀ àti ojú bàbà lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn méjèèjì gbóná, kí ẹ wá fi lẹ́ẹ̀dì kan àwọn, kì í ṣe áyọ̀ọ̀nù. Ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta ló ń gbà. Ẹni tó bá dúró lé ojú kan títí tí èémí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ti ń se nǹkan nìyẹn.

Bí ẹ bá wá jó o tí kò dán, tí ó ṣe ràdàràdà, tí ó di ohun tí àwọn onírédíò ń pè ní dráì jọ́ìǹtì, kí ni ẹ ó ṣe? Ẹ fi péésìtì tuntun díẹ̀ sí i. Ẹ nu ẹnu áyọ̀ọ̀nù mọ́. Ẹ gbé e kan ẹsẹ̀ àti ojú bàbà, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Lẹ́ẹ̀dì tó wà níbẹ̀ yóò tú, yóò dán, yóò tẹ́ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbé áyọ̀ọ̀nù kúrò, ẹ má sì mi ẹsẹ̀ náà, ẹ má fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, títí yóò fi dì. Mímì yẹn ló ń dá àpá sí i nínú. Bí lẹ́ẹ̀dì bá ti pọ̀ jù, ẹ fi sọ́kà, irinṣẹ́ tó ń fa lẹ́ẹ̀dì mu, fa gbogbo rẹ̀ jáde, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo wí. Ẹ má ṣẹ́ ìdajì kù nítorí ìkánjú.

Ti lẹ́ẹ̀dì tó so ojú méjì pọ̀ rọrùn ju bí ẹ ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀ lọ. Ẹ gbé abẹ yẹn sọ nù. Lẹ́ẹ̀dì máa ń tẹ̀lé ooru, ó sì máa ń sá tọ bàbà tó mọ́ lọ. Péésìtì lórí ibẹ̀, ẹnu áyọ̀ọ̀nù tí ẹ ti nù mọ́ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ fà á bọ̀ sóde, èyí tó pọ̀ jù yóò bá áyọ̀ọ̀nù lọ. Bí ó bá kọ̀, okùn bàbà tí wọ́n hun, tí wọ́n fi ń fa lẹ́ẹ̀dì, ni ẹ ó lò. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ, pé ẹ ò rí i rà ní Òbbò. Ẹ bẹ́ wáyà áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ẹ yọ àwọ̀n tó wà lábẹ́ awọ rẹ̀. Bí àwọ̀n náà bá jẹ́ bàbà, tí kì í ṣe alumíníọ̀mù, ẹ rì í sínú péésìtì, yóò fa lẹ́ẹ̀dì fún yín. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú yín fi irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ títí.

Áísì tí ẹ fi sí òdì, tàbí tó ti kú, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó ti kú. Kí ló dé tí ẹ fi ń fi ìbínú fà á jáde, tí ẹ ń fi ipá ṣí i? Ẹ fi pílísì ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé ara rẹ̀ jù sọ nù, lẹ́yìn náà kí ẹ wá máa yọ́ àjókù ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan jáde pẹ̀lú sùúrù. Owó áísì kékeré kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pánẹ́ẹ̀lì tó kún fún iṣẹ́ ọwọ́ yín. Kàpásítọ̀ tó ti jẹ iná ní òdì, ẹ má tún un lò. Ó lè dà bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ó lè bú lójú yín lọ́jọ́ tí ẹ kò ronú rẹ̀.

Ojú bàbà tó ti ká ni mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí jù. Bàbà tó wà lórí ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, nínípọn rẹ̀ jẹ́ ìdá 35 nínú ẹgbẹ̀rún kan mìlímítà. Irun orí yín nípọn jù ú lọ. Ohun tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pánẹ́ẹ̀lì ń rọ̀ bí ooru bá pọ̀, ó sì ń tú bí ẹ bá fi agbára tì í. Gílúù kò lè dá a padà sí bó ṣe wà, nítorí gílúù kì í gbé iná. Ẹ tọ ọ̀nà bàbà náà lọ síwájú, ẹ rọra ha awọ aláwọ̀ ewé orí rẹ̀ títí pupa bàbà yóò fi yọ, ẹ fi lẹ́ẹ̀dì pa á lójú, kí ẹ fa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ibẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti ká. Jọ́ḿpà nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń tún fóònù ṣe ti mọ̀ ọ́n. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ń fa irú wáyà bẹ́ẹ̀ sórí pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti tẹ̀ ní àṣìṣe.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ronú nípa iná wa àti irinṣẹ́ yín, nítorí ibẹ̀ ni ìjàǹbá púpọ̀ ti ń wá. Iná dé lálẹ́, ó rẹ̀wẹ̀sì, gílóòbù ń pọ́n lásán. Ẹ̀yin á ki áyọ̀ọ̀nù bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí fólìtì tó yẹ kó jẹ́ 230 bá wálẹ̀ sí ìdajì, agbára áyọ̀ọ̀nù kì í wálẹ̀ sí ìdajì, ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò kù. Áyọ̀ọ̀nù 60 wáàtì ti di 15 nìyẹn. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú bàbà títí, lẹ́ẹ̀dì ò ní tú dáadáa, pánẹ́ẹ̀lì á máa gbóná díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yà tó wà lókè á máa jìyà. Ẹ dúró di ìgbà tí iná bá dára. Kí ni ẹ ń lé?

Ẹ tún ń fi fáìlì ha ẹnu áyọ̀ọ̀nù. Irin tín-ín-rín ni wọ́n fi bo bàbà tó wà nínú ẹnu áyọ̀ọ̀nù òde òní. Ẹ ha á kúrò tán, lẹ́ẹ̀dì á wá jẹ bàbà náà títí yóò fi di ihò. Kànìnkànìn tútù tàbí ìhá idẹ tí wọ́n fi ń nù ún ló yẹ ẹ́, kí ẹ sì fi lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ pa á lójú kí ẹ tó pa áyọ̀ọ̀nù, kó má baà dípatà. Àwọn kan nínú yín tún ń lo péésìtì àwọn tó ń jó páìpù omi. Ásíìdì ló wà nínú ìyẹn. Rédíò á sọ̀rọ̀ lónìí, tó bá tó oṣù díẹ̀, ásíìdì á ti jẹ ọ̀nà bàbà, ẹ óò sì ní àwọn kan ló ń bá yín jà nílé.

Àwọn mìíràn ń wá bá mi pé lẹ́ẹ̀dì rédíò ilé iṣẹ́ kò tú. Ẹ ò bèèrè ìdí rẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì tó jẹ́ tíìnì 63 àti òjé 37 nínú 100, ní ìwọ̀n Celsius 183 ló ń yọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2006 tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dí òjé lọ́nà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé, ilé iṣẹ́ púpọ̀ ti bọ́ sí èyí tí kò ní òjé nínú, tí kì í yọ́ títí yóò fi tó nǹkan bí 217. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ lẹ́ẹ̀dì tiyín díẹ̀ mọ́ ọn, kí àwọn méjèèjì pò pọ̀, yóò máa tú ní ooru tó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá fa gbogbo rẹ̀ jáde. Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo fọwọ́ sí i kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kún lẹ́ẹ̀dì, torí pé yíyọ ni ẹ fẹ́ yọ ọ́.

Kí ẹ tó fi iná sí i ńkọ́? Mítà wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ yín, ẹ fi ń wọn bátìrì nìkan. Ẹ yí i sí ibi tó ti máa ń ké, ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ibi tí àmì ìròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò iná ń gbà wọlé. Bó bá ké, tí kò sì dákẹ́, ṣọ́ọ̀tì wà níbẹ̀, ẹ má fi bátìrì kàn án. Ẹ nu ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti ọtí líle tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ṣe. Bó bá jẹ́ ohun èlò tó ń gba iná NẸ́PÀ tààrà, ẹ ṣe bí àwọn àgbà onírédíò ti ń ṣe: ẹ ki gílóòbù 60 wáàtì, èyí tó ní òwú nínú, sójú ọ̀nà iná náà. Bí ṣọ́ọ̀tì bá wà, gílóòbù ni yóò tàn gan-an, nǹkan yín kò ní jó.

Ẹnì kan lè sọ pé bàbá yìí ń fi ọ̀rọ̀ rédíò kékeré pariwo. Ẹ gbọ́ ti ọkọ̀ òfuurufú AirAsia tó gbéra ní Surabaya ní ilẹ̀ Indonéṣíà ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2014, tó ń lọ sí Síńgápọ̀. Ènìyàn 162 ló wà nínú rẹ̀. Ó já sínú òkun, kò sẹ́ni tó yè. Nígbà tí àwọn aṣèwádìí ilẹ̀ náà gbé àbọ̀ jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní lẹ́ẹ̀dì kan ló ti sán lórí pánẹ́ẹ̀lì ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso bí ìtọ́kọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ṣe ń yí, ó sì ń jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa kígbe, kó máa dákẹ́, kó tún máa kígbe. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀dì nìkan ló fa ikú wọn. Ọ̀nà tí àwọn awakọ̀ gbà dáhùn sí ìpè ẹ̀rọ náà wà nínú rẹ̀, wọn kò sì rí ọkọ̀ náà darí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: nínú oṣù 12 tó ṣáájú, ẹ̀rọ yẹn ti ní ìṣòro yẹn kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tàlélógún. Ní gbogbo ìgbà, àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i kò dé ibi tí lẹ́ẹ̀dì ti sán. Ó ń lọ, ó ń padà wá. Ẹ̀yin náà, rédíò yín ń dákẹ́, ẹ gbá a lára, ó sọ̀rọ̀, ẹ ní ó ti dáa. Lẹ́ẹ̀dì tó ń gbọ́ràn nígbà tí wọ́n bá gbá a lára ti sán. Iná sólà tí ẹ ń tò fún ìyá àgbà, tí yóò máa tàn lójú ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́ rẹ̀ lóru, bí ó bá kú nígbà tí ó wà lójú ọ̀nà, tí ó ṣubú, ta ni yóò dáhùn?

Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ilẹ̀ tí wọ́n bí yín sí kì í ṣe ilẹ̀ aláìmọṣẹ́. Ní Òsì níbí ni Aréògún ti gbẹ́ igi títí ó fi kú ní 1954. Ní Odò-Ọwà ni Bámigbóyè ti gbẹ́ tirẹ̀, tí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi ṣe àfihàn ńlá ní 2022. Bándélé, ọmọ Aréògún, kò kọ́ṣẹ́ lábẹ́ bàbá rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló lọ bá, ó sì sìn ín. Lámídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá-Ọ̀ràngún, ọmọ ìdílé agbẹ́gilére, tó ti mọ igi gbẹ́ kó tó débẹ̀, gbé ara rẹ̀ sílẹ̀ ní 1949, ó lọ jẹ́ ọmọṣẹ́ Bándélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Fádà Kevin Carroll ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Ẹ ro ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Bí àdá bá ti gé imú ère, imú ti lọ, kò sí péésìtì tí yóò dá a padà. Wọ́n ní láti ronú kí wọ́n tó gé. Ẹ̀yin ni Ọlọ́run fi irin tó ń yọ́ ní 183 sí lọ́wọ́, tó ń yọ́ tó tún ń dì ní iye ìgbà tó bá wù yín, tí ẹ lè tú àṣìṣe ànà ní òwúrọ̀ òní. Ẹ̀yin wá ni ẹ kọ̀ láti tú u. Oníṣẹ́ igi tí kò ní àǹfààní kejì ń fara balẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní àǹfààní ọgọ́rùn-ún ń kánjú.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ kan lórí ìlera yín, mi ò sì ní fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú un. Mo rí ọmọkùnrin kan tó fi eyín di okùn lẹ́ẹ̀dì mú torí pé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dí. Mo rí òmíràn tó ń jẹ ẹ̀pà láàárín iṣẹ́. Òjé ni ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní 2010, níbi tí òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú ilé ti pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Ìwọ̀n òjé tí ẹ ń lò kò tó ìyẹn, ṣùgbọ́n májèlé kan náà ni, ọpọlọ ọmọdé ló sì ń kọ́kọ́ bá jà. Ní ooru tí ẹ fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, òjé kì í fò nínú èéfín lọ́nà tó lè pa yín; ọwọ́ ló ń gbà dé ẹnu. Ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ kí ẹ tó fi kan oúnjẹ. Ẹ gbá àjókù lẹ́ẹ̀dì nílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín tó ń rákò rí i mú. Èéfín péésìtì fúnra rẹ̀ ń fa ikọ́ fée, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé, ẹ yéé tẹ orí bo iṣẹ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí lórí tábìlì oúnjẹ, jọ̀ọ́, gbé e lọ síta.

Ẹ̀yin ọ̀gá ló kù tí mo fẹ́ bá wí, ó sì tó gẹ́ẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lọ́dọ̀ àgbà. Ọmọ ń gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yín, ó ń pọn omi fún ìyàwó yín, ó ń bá yín ra búrẹ́dì, ọdún méjì kọjá, kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ẹsẹ̀ áísì kan. Nígbà tí ó bá sì ṣe àṣìṣe, ẹ óò gbá a létí, ẹ óò gba pánẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ óò dojú kọ ògiri tún un ṣe kó má baà rí bí ẹ ṣe ṣe é. Ohun tí ẹ ń kọ́ ọ nìyẹn: pé ìtìjú ni àṣìṣe, kí ó máa fi í pa mọ́. Ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ yín ló ń lọ ṣe lórí rédíò ará ìlú. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń tú iṣẹ́ kò tíì mọ iṣẹ́, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ẹ ń fọwọ́ sí ìwé fún un.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Kí ọmọ kankan tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù ní Òbbò-Ayégúnlẹ̀ mọ́, kí ẹ tó yan ọjọ́, kí ẹ tó ra aṣọ, ẹ gbé pánẹ́ẹ̀lì rédíò kan tó ti kú sí iwájú rẹ̀ lójú àwọn òbí rẹ̀. Kí ó yọ kàpásítọ̀ mẹ́wàá àti áísì kan kúrò lórí rẹ̀ láìjẹ́ pé ojú bàbà kan ká. Kí ó nu ibẹ̀ mọ́. Kí ó dá gbogbo wọn padà síbi tí wọ́n wà, kí ó fi mítà hàn yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ẹsẹ̀ kan kò kan èkejì. Ẹ fi ọwọ́ ara yín ba ojú kan jẹ́ fún un, kí ó fa wáyà tún un ṣe níṣojú yín. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ sún ọjọ́ síwájú, ẹ dá owó àríyá padà fún òbí rẹ̀, kí ọmọ náà padà jókòó tì yín fún oṣù mẹ́ta sí i, kí ẹ sì kọ́ ọ.